Ẹ Jókòó Sórí Ọwọ́ Yín

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé náà sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin kan tí ilé ìwòsàn ti sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù. Àwọn ọmọdé tó ń tọ́jú ló fún un ní orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀: Àǹtí Ẹ̀ẹ̀kan-sí-i. Bí ọmọ bá ti dìde lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí òógùn bò ó, tí ó rò pé òun ti bọ́, Àǹtí á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "O ṣe é dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan sí i." Ẹ̀ẹ̀kan yẹn kì í tán bọ̀rọ̀.

Eré ìdárayá ló fi ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn farapa kí wọ́n tó bí wọn tàbí nígbà tí wọ́n ń bí wọn lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ́, egungun rẹ̀ pé. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí i ni kì í jẹ́ bó ṣe yẹ. Iṣan lè le koránkorán kó kọ̀ láti tẹ̀, ara sì lè máa mì tí ọmọ kò fi ní lè dúró déédéé. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń mú un kúrò. Ohun tó ń ṣèrànwọ́ ni kí ọmọ máa ṣe ohun tó fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe, lójoojúmọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, títí ara á fi mọ ọ̀nà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ díẹ̀díẹ̀? Bí Àǹtí bá ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀, wọ́n á ní, "Áà, ẹ̀yin lẹ máa ń fọwọ́ ra èèyàn lára," wọ́n á sì kọ ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n sí i.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ kì í gbọ̀n pẹ́rẹ́ kí ó má ti gbé e. Ìgbà tó wá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà dé bá ọmọ kan tó ti jókòó sójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjèèjì, tó ń retí ọwọ́ Àǹtí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Láti ọjọ́ náà ni ó ti dá àṣà kan sílẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ gbìyànjú ohun tí apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ká, Àǹtí á jókòó, á ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan ara rẹ̀, á fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá tó bá mú ọmọ wá gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Òmíràn nínú wọn á jókòó sórí ọwọ́ rẹ̀, á tún máa fi ẹnu gbé ọmọ: "Rọra o! Yé è! Mo gbé!" Àǹtí á ní kí ó jókòó sórí ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú.

Àṣà yìí tẹ̀ lé e délé. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń wá ìbọ̀sẹ̀ ní àárọ̀, tí ìbọ̀sẹ̀ sì wà lórí àga níwájú rẹ̀ gbangba, Àǹtí á jókòó sórí ọwọ́, á máa wò ó. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé àrùn ni. Àmọ́ ó ti mọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ ń gbé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, láàárín yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń kó páálí òfìfo sí. Ó tẹ́ ẹní méjì sílẹ̀, ó ta okùn mọ́ ògiri, ó sì kọ́ pẹ́ẹ̀gì aṣọ sí i lára kí àwọn ọmọ lè máa nàgà mú un lọ́tùn-ún lósì, kí ara wọn lè kọ́ bí a ti ń yẹ̀ láìṣubú. Ẹni tó bá gbé ẹ̀jẹ̀ dání tó fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ dúró kí ọmọ dúró tán.

Ẹ wá wo ọ̀ràn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí gan-an ni yàrá ìdárayá tuntun wà, yàrá ńlá tí táìlì rẹ̀ kì í yọ̀, tí dígí bo ògiri rẹ̀ kan látòkè délẹ̀. Ọ̀pá irin méjì wà níbẹ̀ tí ọmọ lè dì mú kó máa rìn láàárín wọn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí ìjókòó rẹ̀ kò ga ju bó ṣe yẹ ọmọdé lọ. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá tí wọ́n ti kọ́ ọ tán, wọn kò sì tíì ṣí i. Ọ̀gá ilé ìwòsàn, ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́yìn ní Ọ̀gá Pátápátá nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ kí Àlejò Pàtàkì kan tó wá gé ríbọ́ọ̀nù. Àlejò Pàtàkì kò sì ráyè. Ìgbìmọ̀ ríbọ́ọ̀nù ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹfà. Ní ìpàdé kẹrin, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ na ara wọn lórí pupa àti búlúù. Gbogbo ìgbà yẹn, àwọn ọmọ a máa ki imú mọ́ fèrèsé, wọn a wo irin tí wọ́n fi ọ̀rá wé láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn a sì padà sórí ẹní.

Ọ̀kan nínú wọn ni Màdáàmù, ọmọbìnrin ọdún méje. Orúkọ ìnagijẹ náà kò ṣàdédé wá. Nítorí pé kò lè dìde lọ mú nǹkan, orí ìjókòó ló ti ń rán gbogbo ilé níṣẹ́ láti kékeré: gbé yẹn wá, gbé èyí lọ, ẹ pa fèrèsé yẹn dé. Làákàyè rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹsẹ̀ méjèèjì nìkan ló le, tí wọ́n sì ń fẹ́ kọjá ara wọn bí ẹnu sìsọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lójú fèrèsé ilé. Òun ló ń gbé e lọ wẹ̀, tó ń gbé e lọ tọ̀, tó ń gbé e gun àtẹ̀gùn, fún ọdún méje gbáko.

Ilé-ìwé méjì ti dá wọn padà. Ọ̀gá ilé-ìwé kẹta jẹ́ obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó dán ọmọ náà wò nínú ìwé kíkà, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Màmá, ọmọ yín gbọ́n. Ó gbọ́n ju àwọn kan tó ti wà ní kíláàsì náà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà kan ṣoṣo ló wà fún ọmọ márùndínláàádọ́ta. Tí tíṣà bá ń gbé e lọ tọ̀, ta ló máa dúró ti àwọn tó kù? Tó bá lè dá lọ, tó sì lè dá bọ̀, ẹ mú un wá. Ọjọ́ Ajé tí a bá wọlé, màá fi ojú ara mi wò ó. Tí kò bá lè ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Oṣù mẹ́ta ló kù nígbà náà. Àǹtí yá téèpù aránṣọ, ó lọ sí ilé-ìwé náà, ó wọn bí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ti ga tó, ó sì ka ìṣísẹ̀ láti kíláàsì débẹ̀. Tíṣà kan tó bá a níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́ béèrè bóyá ó fẹ́ ra ìjókòó náà ni. Lẹ́yìn èyí ló ní kí káfíńtà kan àpótí mẹ́ta: èyí tó ga, èyí tó ṣe déédéé, àti èyí tó kéré jù, tí gíga rẹ̀ bá ti ilé-ìwé mu gẹ́lẹ́.

"Imú síwájú, ìdí sókè!" Orin wọn nìyẹn. Ẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, Màdáàmù á tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ á fi kọjá orí ìka ẹsẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ sókè. Ogún ìgbà láàárọ̀, ogún ìgbà nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ á máa fi pín-ìnnì ìránṣọ ka iye rẹ̀ sára aṣọ tó ń rán, débi pé oníbàárà kan gba bùláúsì tó kún fún pín-ìnnì, ó sì ta gìrì nígbà tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, Màdáàmù lè dìde lórí àpótí tó kéré jù. Ó lè yí padà, kó fọwọ́ kan ògiri rìn, kó sì tún rọra jókòó. Nígbà mìíràn ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á lọ́ mọ́ra, ọmọ náà á sì jókòó sílẹ̀ gbì.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ilé-ìwé wọlé ni Àlejò Pàtàkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè. Ọjọ́ Ẹtì ló mú. Ọ̀gá Pátápátá sáré wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí kò tíì dé láti ọdún tó kọjá.

"Àǹtí, mo fẹ́ kí ọmọ kan dìde lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, kó rìn lọ bá Àlejò Pàtàkì, kó gbé sìsọ́ọ̀sì fún wọn lórí tìmùtìmù. Kí gbogbo èèyàn figbe ta. Pátápátá."

"Sà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń di nǹkan mú kí wọ́n má bàa ṣubú. Tí ọwọ́ bá gbé tìmùtìmù, kí ló máa di ọmọ mú?"

"Kí wá ni wọ́n lè ṣe?"

"Ọ̀kan nínú wọn ti ń dìde lórí àpótí yìí láìdi nǹkan kan mú."

Ọ̀gá wo àpótí náà, ó wo Àǹtí. "Ìyẹn náà ni? Èmi náà dìde lórí àga láàárọ̀ yìí. Ta ló pàtẹ́wọ́ fún mi?"

"Ó yẹ kí ẹ ti dúpẹ́, sà."

Kò dúpẹ́. Ó ní bí kò bá sí ìrìn, kí àwọn ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ sórí kẹ̀kẹ́ tuntun ní iwájú, kí wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ wọn, kí wọ́n wọ bàtà funfun tó ń dán tí ilé ìwòsàn yóò pín, kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè; aago méjìlá ààbọ̀ ni Àlejò Pàtàkì dé. Wọ́n ti kó àga ike kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ìloro, wọ́n sì ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá tuntun sílẹ̀ gbayawu, kí àwọn èèyàn lè máa wo inú rẹ̀ láìwọlé. Ríbọ́ọ̀nù wà lẹ́nu ọ̀nà. Pupa ló borí. Kí àga má bàa ṣófo, wọ́n ti pe gbogbo ọ̀gá ilé-ìwé àdúgbò, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ yẹn sì wà ní ìlà kejì. Nígbà tí Àǹtí rí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà tó ń dán lẹ́sẹ̀ Màdáàmù, ó wọ bàtà àtijọ́ rẹ̀ tó ní ike tó ń di ọrùn ẹsẹ̀ mú fún un, ó sì gbé bàtà tuntun lé ọmọ náà nítan. "Ìwọ ṣáà máa mú un dání. Fọ́tò ni wọ́n fẹ́."

Ọ̀gá Pátápátá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó kí gbogbo ẹni tó ní ipò, ó kí àwọn tó ń retí ipò. Ó ní yàrá yìí yóò yí ayé àwọn ọmọ wọ̀nyí padà pátápátá. Ó wà ní ojú ìwé kẹta nínú mọ́kànlá nígbà tí Màdáàmù fa aṣọ Àǹtí.

"Àǹtí, mo fẹ́ tọ̀."

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń lò wà ní òdìkejì ọgbà, ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá. Èyí tó wà nítòsí nìyẹn, lẹ́yìn ríbọ́ọ̀nù, kò tó ìṣísẹ̀ márùndínlógún sí wọn. Ìyá Màdáàmù ti ń na ọwọ́ láti gbé ọmọ rẹ̀.

Màdáàmù ti ọwọ́ ìyá rẹ̀ kúrò. "Mo máa dá lọ. Ibẹ̀ yẹn ni mo máa lọ."

Kí a má purọ́, ẹ̀rù ba Àǹtí. Bí ọmọ yìí bá ṣubú níwájú ọ̀gá ilé-ìwé lónìí, kí ni wọ́n fẹ́ lọ fi hàn án ní ọjọ́ Ajé? Ó rọrùn láti sọ pé ẹ gbé e. Ìṣẹ́jú kan, ó parí. Ó wo ojú ọmọ náà, ó sì rántí ọmọ tó jókòó sójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"Màmá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ jókòó sórí ọwọ́ yín."

Òun náà ki tirẹ̀ bọ abẹ́ itan.

Màdáàmù tú bẹ́líìtì. Bàtà tó ń dán já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan yí lọ sábẹ́ àga Àlejò Pàtàkì. Ọmọ náà fa ìdí wá sí etí kẹ̀kẹ́, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Imú síwájú, ìdí sókè," ó sì padà ṣubú sórí ìjókòó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Màdáàmù wo iwájú. Ó tún un ṣe, ó sì dìde.

Ìṣísẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta. Ó ń lọ bí ẹni tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó nawọ́ di ohun tó rí níwájú mú, ríbọ́ọ̀nù sì ni. Wọn kò so ríbọ́ọ̀nù kí èèyàn lè fara tì í. Ó já kúrò lára ìṣó, ọmọ náà fì sí ọ̀tún, ó fì sí òsì. Gbogbo ilé hó yèè, wọ́n sì dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá Pátápátá ju ojú ìwé mẹ́jọ tó kù sílẹ̀. Bàbá kan ń ké pé, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́!"

"Orí ẹ̀ ò wọ́, sà!" Àǹtí pariwo. Ohùn tó fi ń pariwo kọjá ẹkún ọmọ mẹ́wàá láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó lò. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Gbogbo yín, ẹ jókòó sórí ọwọ́ yín!"

Wọ́n jókòó. Bóyá nítorí ohùn náà ni, bóyá nítorí pé ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún wọn ohun tí wọ́n lè ṣe. Àlejò Pàtàkì jókòó sórí ọwọ́ rẹ̀ nínú aṣọ olówó iyebíye. Ọ̀gá Pátápátá jókòó sórí ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè wá ya fọ́tò jókòó sórí ọwọ́ rẹ̀, ìdí nìyí tí kò fi sí fọ́tò kankan.

Màdáàmù ti fi èjìká fara ti férémù ilẹ̀kùn. Ó mí kanlẹ̀. Pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù tó já tó sì kọ́ ọ lọ́rùn, ó wọ yàrá tó ti ń wò láti ojú fèrèsé fún oṣù mẹ́jọ, ó di ọ̀pá irin mú, ọ̀rá sì ń dún hàràhàrà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń lọ. Ó dé ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tì í. Ó wà ní títì.

"Ẹ ti kọ́kọ́rọ́ pa á," ó sọ fún gbogbo àwùjọ.

Ọ̀gá Pátápátá kọ́kọ́ wo Àǹtí bóyá òun lè dìde, ó sì dìde. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ nínú àpò, ogójì wọn lórí òrùka kan, kò sí èyí tí wọ́n kọ orúkọ sí lára. Ó ki èkíní bọ̀ ọ́. Kò ṣí. Ó ki èkejì. Màdáàmù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìdi nǹkan kan mú, nítorí ọwọ́ méjèèjì ló fi há ìtọ̀ mọ́ra. Àǹtí ń ka ìṣẹ́jú àáyá sínú. Iye tó pọ̀ jù tí ọmọ yìí ti dúró láìdi nǹkan mú rí ni ogójì. Ó kà dé àádọ́ta. Ó kà dé ọgọ́ta. Kọ́kọ́rọ́ kọkànlá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, òógùn sì bò ó lójú.

"Kò fẹ́ ṣí," ó sọ fún Àǹtí, bí ọmọ tó fẹ́ bú sẹ́kún.

Màdáàmù ló dá a lóhùn. "Ẹ ń gbìyànjú, sà. Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Ní kọ́kọ́rọ́ kẹtàdínlógún, ilẹ̀kùn ṣí. Àǹtí ti kà á dé mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Màdáàmù wọlé, ó yíjú sí ọ̀gá tó fẹ́ tẹ̀ lé e, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ dúró síta," ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àwọn èèyàn ńlá jókòó sórí ọwọ́ wọn, wọ́n ń tẹ́tí sí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ẹni ń retí ìròyìn ìdìbò. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ń retí, Àlejò Pàtàkì ni ó kọ́kọ́ mí.

Ọ̀gá ilé-ìwé dìde ní ìlà kejì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí etí Ìyá Màdáàmù. "Ẹ má wulẹ̀ dúró de ìdánwò kankan mọ́. Ọjọ́ Ajé, aago méje ààbọ̀, kó wọ yunifọ́ọ̀mù wá. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiwa ò ní kọ́kọ́rọ́."

Omijé ń ṣàn lójú Ìyá Màdáàmù wá sí ẹnu, sí àgbọ̀n, sórí àyà aṣọ, kò sì nù ún. Ó ṣì jókòó sórí ọwọ́ rẹ̀.

Àǹtí fọwọ́ kàn án léjìká. "Màmá, ó ti parí. Ẹ lè yọ ọwọ́ yín báyìí."

Obìnrin náà yọ wọ́n. Ó tẹ́ méjèèjì sórí itan, àmì àga ike sì wà lẹ́yìn wọn. Ó wò wọ́n.

"Kí ni kí n wá máa fi wọ́n ṣe?"

Ní gbogbo ọdún tí Àǹtí ti fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Ó fa àga tì í, ó jókòó, ó sì di ọ̀kan nínú ọwọ́ náà mú.